Bíríkì Oníke Lọ́wọ́ Àgbà: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìbàdàn Sórí Tábìlì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti fa àga yín sún mọ́ tábìlì kí n tó dé, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru, ẹ kú ìfẹ́. Ìbàdàn Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ilé wa náà nìyí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bíríkì oníke, àwọn búlọ́ọ̀kù ìṣeré tó ń há mọ́ra wọn yìí, tí àwọn àgbàlagbà fi ń kọ́ ilé, tí wọ́n fi ń to ọkọ̀, tí wọ́n sì ń kó jọ. Mo mọ ohun tí àwọn kan ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún: "Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé nìyẹn?" Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó jókòó ti ọpọ́n ayò nírọ̀lẹ́, ta ló ń pè é lọ́mọdé? Àwọn tó ń ta dráàfù níwájú ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ta ló ní kí wọ́n lọ dàgbà? Eré tó bá ti ní ìṣirò nínú, tàgbà ni. Ojúlé 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí ò bá lè kà á, wọ́n á jẹ ẹ́ gbẹ. Bíríkì oníke náà ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá, ẹ̀ka rẹ̀ ni gbogbo ìyókù. Wọ́n ti ṣe páálí tí wọ́n fi Ilé Ìṣọ́ Eiffel sí. Wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi Titanic sí. Èyí tí wọ́n fi Gbọ̀ngàn Màpó sí ńkọ́? Kò sí. Ilé awòṣífìlà ti Dùgbẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Ìbàdàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka bíríkì rẹ̀, kó tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1932, káfíńtà kan ní ìlú Billund ní Dẹ́ńmáàkì, Ole Kirk Christiansen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbẹ́ nǹkan ìṣeré, torí ọjà ti dá, iṣẹ́ ilé ò wọlé mọ́. Ní 1934 ó sọ ilé iṣẹ́ náà ní LEGO. Ọ̀rọ̀ èdè wọn méjì ló lẹ̀ pọ̀, leg godt, "ẹ ṣeré dáadáa". Bíríkì oníke wọn jáde ní 1949, àmọ́ inú rẹ̀ ṣófo bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ tò ó, ó dúró. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó wó. January 28, 1958 ni wọ́n kọ̀wé gba àṣẹ lórí ohun tó yí i padà: wọ́n ki àwọn ọ̀pá oníhò sí bíríkì nínú. Láti ìgbà náà, orí róbótó tó wà lára bíríkì ìsàlẹ̀ a máa wọ àárín ògiri àti ọ̀pá bíríkì òkè, a sì há síbẹ̀ gírígírí. Ní 1963 wọ́n pààrọ̀ ike tí wọ́n ń lò sí èyí tí wọ́n ń pè ní ABS, tó le, tí kì í tètè lọ́. Ìwọ̀n 1958 ni wọ́n ṣì ń lò lónìí. Ìyẹn ni bíríkì bàbá àti bíríkì ọmọ ṣe lè wà lára ògiri kan náà.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìtàn. Mo ti dé ìdí ọ̀rọ̀: ìwọ̀n.

Ẹ mú bíríkì tá à ń pè ní 2x4, èyí tó ní orí méjì lọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ lápapọ̀. Láti àárín orí kan sí àárín orí kejì, mìlímítà 8 ni. Gíga bíríkì náà láìka orí, mìlímítà 9.6 ni. Orí kan fẹ̀ ní mìlímítà 4.8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bíríkì fẹ́lẹ́ tá à ń pè ní pẹlẹbẹ, mìlímítà 3.2 ni gíga rẹ̀. Pẹlẹbẹ mẹ́ta tá a tò lérí ara wọn jẹ́ bíríkì kan géérégé.

Èwo ló wá le níbẹ̀? Èyí ni: 8 àti 9.6 kò dọ́gba. Bíríkì olórí kan ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bíi 6 sí 5. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tó ka orí mẹ́wàá lọ́nà ìbú, tó ka bíríkì mẹ́wàá lọ́nà òkè, tó ní òun ti kọ́ ojú ilé tí igun rẹ̀ dọ́gba, ilé gíga ló kọ́. Sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́nà ìbú, sẹ̀ǹtímítà 9.6 lọ́nà òkè. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn méjèèjì ti pàdé: pẹlẹbẹ 5 jẹ́ mìlímítà 16, orí 2 náà jẹ́ mìlímítà 16. Pẹlẹbẹ márùn-ún, orí méjì. Mo tún un sọ: pẹlẹbẹ márùn-ún, orí méjì. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ da bíríkì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, òun ni ìwọ̀n tó máa jẹ́ kó wọ̀, tí ojú àlàfo kankan ò ní hàn.

Ẹni tó bá fi rúlà wọn 2x4 á rí i pé gígùn rẹ̀ kò pé 32, mìlímítà 31.8 ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n gé ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó wà nítòsí ara wọn má baà máa fún ara wọn. Ẹ bi bíríkìlà tó ń kọ́lé ní Akóbọ̀, á sọ fún yín pé òun náà kì í to búlọ́ọ̀kù láìfi àyè símẹ́ńtì sílẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí kí oorun má baà kùn yín. Bíríkì 2x4 méjì tí àwọ̀ wọn jọra, ọ̀nà 24 la lè gbà so wọ́n pọ̀. Mẹ́fà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi kọ̀ǹpútà kà á: ọ̀nà 915,103,765. Mẹ́fà péré o! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé bíríkì òun ò pọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́lé. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965: àjà 26, gíga rẹ̀ mítà 105. Báwo la ṣe máa mú un wá sórí tábìlì? Àwọn kan á kọ́kọ́ sáré lọ ra bíríkì funfun àpò kan. Ẹ ẹ̀ ní ra nǹkan kan ná. Ẹ pinnu ohun tí àjà kan máa jẹ́. Bí àjà kan bá jẹ́ bíríkì kan, 26 lọ́nà mìlímítà 9.6 jẹ́ mìlímítà 249.6, sẹ̀ǹtímítà 25. Ilé gidi wá fi ìlọ́po 420 tóbi ju tiwa lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọlangidi kékeré inú páálí, tó ga tó bíríkì mẹ́rin, lè dúró nínú yàrá, àjà kan ò lè dín sí bíríkì mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà 26 jẹ́ 156. Ilé yín á ga tó mítà kan àtààbọ̀. Ṣé ẹ ní àyè ẹ̀? Ṣé ẹ lówó ẹ̀? Igi tó máa gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi ò ní dá yín lẹ́kun, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 25 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ wá fọ́tò tí wọ́n ti òkèèrè yà, tí ojú ilé náà dúró gbọọrọ níbẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn ìbú mọ́ gíga lórí fọ́tò yẹn, òun ló máa sọ iye orí tí ìbú máa gbà. Ká ní a mú orí 12 lọ́nà gígùn àti orí 8 lọ́nà ìbú. Ti ìṣirò ni mo mú wọn, fọ́tò yín ló máa ṣe ìdájọ́. Pẹlẹbẹ la máa fi kọ́ ọ, kì í ṣe bíríkì, torí pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà nínú àjà kan: funfun méjì, èyí tó ń dán bíi gíláàsì kan. Báyìí ni fèrèsé ṣe máa yí ilé ká ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Ògiri tó yí orí 12 àti 8 ká gba orí 36. Ìlà àkọ́kọ́: ẹ̀gbẹ́ gígùn dé igun ní méjèèjì, pẹlẹbẹ 1x4 mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú wá ku orí 6, 1x4 kan àti 1x2 kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kejì: ẹ yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ló máa dé igun, 1x4 méjì méjì. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ku orí 10, 1x4 méjì àti 1x2 kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìlà kọ̀ọ̀kan, 1x4 mẹ́jọ, 1x2 méjì, bóyá ti àkọ́kọ́ ni o tàbí ti kejì. Bá a ṣe ń pààrọ̀ wọn lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ojú ìsopọ̀ òkè kì í bọ́ sórí ojú ìsopọ̀ ìsàlẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń wó. Ẹni tó bá to ojú ìsopọ̀ lérí ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òpó mẹ́rin tó dúró ti ara wọn ló kọ́, kò tíì kọ́ ilé. Ó gbé e láti fi han àlejò, ó fàya lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọsàn. Á wá máa bínú sí bíríkì, á ní àyédèrú ni wọ́n tà fún òun. Bíríkìlà tó dá igun láìjẹ́ kí búlọ́ọ̀kù wọ inú ara wọn, ṣé símẹ́ńtì ló máa dá lẹ́bi?

Kí ògiri fẹ́lẹ́ yìí má baà tẹ̀ wọnú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ fi àjà gidi sí i ní àjà 5, 10, 15, 20 àti 25. Pẹlẹbẹ 4x12 méjì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di 8x12. Ẹ yọ ìlà funfun kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wọ́n rọ́pò rẹ̀. Èwo nínú funfun méjèèjì? Èyí tó bá jẹ́ ìlà kejì, tí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú rẹ̀ dé igun. Ìdí ni pé ojú tí àwọn 4x12 méjì ti pàdé wà ní àárín gan-an, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló ní 1x4 tó gba orí ibẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúkúrú. Bí ìlà kejì bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú á bọ́ sórí ojú, á sì là sí méjì.

Iye gbogbo rẹ̀ nìyí. Funfun: 1x4, 376, 1x2, 94. Aláwọ̀ gíláàsì: 1x4, 208, 1x2, 52. Pẹlẹbẹ 4x12, 10. Àpapọ̀ 740. Ẹ fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, torí àwọn kan á sọnù sábẹ́ àga, ọmọ á sì gbé kan lọ. Kò tó kílò kan lórí ìwọ̀n, ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun lè gbé e sínú báàgì ọwọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí èèyàn kà á àti kí ó ra àpò ńlá tí ìdajì rẹ̀ ò wúlò nìyẹn.

Ohun méjì kí n tó kúrò ní Dùgbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má to aláwọ̀ gíláàsì lérí aláwọ̀ gíláàsì. Wọ́n máa ń há mọ́ra jù, yíyọ wọn a sì máa ha wọ́n lára. Èkejì, orí ibi tó le ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Orí bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì máa ń gba agbára ìka yín, pẹlẹbẹ á dà bí ẹni pé ó wọlé, kò wọlé tán. Bó bá ṣẹ́ku ìdajì mìlímítà ní ìlà kan, nígbà tẹ́ ẹ bá dé àjà ogún, ilé ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí Màpó. Òpó ni wàhálà ibẹ̀. Bíríkì róbótó 1x1 máa ń dára fún òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti lé ní márùn-ún sí mẹ́fà lérí ara wọn, yóò máa tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀. Bíríkì róbótó 2x2 sàn jù, ó ní ihò oríta láàárín, ẹ lè ki ọ̀pá Technic, irú èyí tí LEGO ń ṣe fún mọ́tò ìṣeré, bọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó dà bí irin inú kọnkéré. Technic yìí ti wà láti 1977, àwọn tó ń kọ́lé sì ń yá irin lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò.

Àwọn òrùlé tó yí Màpó ká ńkọ́? Páànù tó ti dógùn-ún, tí èèyàn ń rí láti Òkè Aàrẹ títí ojú fi ń rẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ kan ò lè ṣe é. Ẹ mú Reddish Brown, ẹ mú Dark Orange, ẹ mú Medium Nougat díẹ̀, ẹ má tò wọ́n bí ìlà ara aṣọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàrú. Táìlì 1x2 onílà, pẹlẹbẹ tí kò lórí, wà tó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú, òun ló jọ ojú páànù jù lọ. Ẹ fi pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa dé bí ìdè ilẹ̀kùn gbé e dùbúlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ igi àti pupa tó ṣú nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ti tó bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n máa ń fọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ wọ́n. Ẹ kàn wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ má sì tún yọ wọ́n mọ́. Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo ìrísí ni wọ́n ṣe ní gbogbo àwọ̀. Kẹ́ ẹ tó fọkàn sí nǹkan, ẹ wò ó lórí BrickLink, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti 2000. Wọ́n ní ètò orí kọ̀ǹpútà kan, Studio, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè kọ́ ilé yín tán lójú rẹ̀, yóò sì bá yín ka iye rẹ̀.

Bí àwọ̀ bá wọ́n yín, ẹ wo iṣẹ́ Ekow Nimako, ọmọ Kánádà tó ní Gánà nínú ẹ̀jẹ̀. Dúdú nìkan ló ń lò. Ní 2019 ó fi bíríkì dúdú kọ́ Kumbi Saleh, olú ìlú ilẹ̀ ọba Gánà àtijọ́, bó ṣe máa rí ní ọdún 3020. Òun ò kúkú rí i nínú páálí kankan.

Mo ti dé ọ̀rọ̀ rírà àti ìtọ́jú. Bẹ́ ẹ bá rí bíríkì nínú òkìtì tòkunbọ̀ ní ọjà, ẹ wo orí róbótó rẹ̀: ti LEGO, orúkọ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó dára, èyí tí kò dára náà wà. Ẹ so mẹ́rin pọ̀, ẹ gbé wọn dà kọ́: bí ọ̀kan bá já bọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fún oní-ǹkan. Ẹ fi omi tí kò ju ìwọ̀n 40 lọ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kì í ṣe omi gbígbóná tẹ́ ẹ fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà. Ó máa ń lọ́. Ẹ sá a sí abẹ́ òjìji. Oòrùn ló ń sọ funfun di pípọ́n, bí eyín amusìgá. Àwọn kan máa ń rì í sínú háídírójìn pẹ́rọ́sáídì tí kẹ́míìsì ń tà, tí wọ́n á sì gbé e sí oòrùn, ó ń funfun lóòótọ́, àmọ́ ó tún lè pọ́n padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bẹ́ ẹ bá máa ṣe é. Ẹ má gbé ilé tẹ́ ẹ kọ́ sí inú mọ́tò tí wọ́n tì pa sínú oòrùn.

Ṣíṣà ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló ń fi àwọ̀ ṣà á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kó gbogbo 1x2 sínú ike kan, pupa, dúdú, funfun, ojú yín á rí pupa láàárín wọn kíá. Ṣùgbọ́n kó gbogbo dúdú pọ̀, kẹ́ ẹ wá 1x2 kan nínú wọn lálẹ́ tí NEPA mú iná lọ! Ẹ lo ohun ìyọ tó ń bá páálí wá. Eyín kì í ṣe ohun ìyọ, ó ń bu bíríkì jẹ, bíríkì náà ń bu eyín jẹ. Fún eruku ọyẹ́, bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ojú ló dára jù.

Èyí tó kù ni àwọn tó ń kó páálí jọ láìtú u, tí wọ́n ní owó ni. Mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún wọn. Páálí Taj Mahal jáde ní 2008, bíríkì 5,922. Nígbà tí wọn ò ṣe é mọ́, owó rẹ̀ gòkè, àwọn èèyàn tò ó sí yàrá bí ẹni to ìrẹsì. Ní 2017 ilé iṣẹ́ tún gbé e jáde, owó páálí àtijọ́ wálẹ̀. Ẹni tó kọ́ tirẹ̀ sórí tábìlì ṣì ń wò ó. Láti 2020 ni wọ́n ti ń kọ 18+ sára páálí àgbà. Titanic ti 2021 ní bíríkì 9,090, Eiffel ti 2022 ní 10,001, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 149. Kẹ́ ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá yín. Ìwé ìlànà wọn ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nínú ọ̀rá kékeré tó wà lórí àga kọ̀ọ̀kan, bíríkì 2x4 mẹ́fà wà níbẹ̀. Ẹ so wọ́n pọ̀ báyìí, kẹ́ ẹ fi wé ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bàbá tó nawọ́ lẹ́yìn yẹn, ẹ máa bọ̀, sà, mò ń gbọ́ yín.